Ta Ló Ń Sọ Iye Sẹ́fà fún Ẹ̀rọ?

 

Inú ọjà ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ orí afẹ́fẹ́ wa lónìí. Obìnrin kan gbé àgbàdo lọ sí Pọ́bẹ̀ ní òdì kejì ibodè, ó tà á ní sẹ́fà. Ó padà dé Ìjoun, ó fẹ́ sọ sẹ́fà rẹ̀ di náírà. Kí ló máa kọ́kọ́ ṣe? Kò ní gba iye tí ẹni àkọ́kọ́ bá pè fún un. Á bi ẹni tó jókòó sábẹ́ agboòrùn, á bi ọlọ́kadà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibodè dé, á bi ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń ta aṣọ. Bí ẹni mẹ́ta bá pe iye tó sún mọ́ra, tí ẹnì kan wá pe tirẹ̀ tó yàtọ̀ gedegbe, á kan fojú wo onítọ̀hún, á sì kọjá lọ. Ìyá mi ṣe bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ọdún tó fi ná ọjà ibodè. Mo máa ń tẹ̀ lé e kiri, oòrùn á máa pa mí, mo sì ń rò pé ó kàn fẹ́ràn ìbéèrè ni. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ohun tó ń ṣe nígbà yẹn gan-an ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ káàkiri ayé ń fi owó rẹpẹtẹ wá ọgbọ́n sí lónìí.

Ẹ ti gbọ́ ọ̀rọ̀ blockchain lẹ́nu àwọn ọmọ wa tó ń fi fóònù ra bitcoin. Ìwé àkọsílẹ̀ owó ni, àmọ́ kò sí lọ́wọ́ báńkì kan ṣoṣo. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún kọ̀ǹpútà ló ní ẹ̀dà rẹ̀ lọ́wọ́. Ẹni tó bá yí ti ọwọ́ ara rẹ̀ padà, ẹ̀dà ọwọ́ àwọn yòókù ló máa tú àṣírí rẹ̀. Èèyàn sì lè kọ àdéhùn tó ń mú ara rẹ̀ ṣẹ sínú ìwé yìí: bí iye dọ́là bá dé ibi báyìí, kí owó kúrò nínú àpò èmi, kó bọ́ sínú àpò lágbájá. Kò sí akọ̀wé, kò sí lọ́yà, kò sí pé ọ̀gá ò sí lórí ìjókòó.

Ṣùgbọ́n ìwé náà fọ́jú. Ó mọ ẹni tó sanwó fún ẹni nínú ara rẹ̀, kò mọ ohunkóhun tó wà níta. Kò mọ iye tí wọ́n ń ta sẹ́fà ní Ìjoun. Kò mọ̀ bóyá òjò rọ̀ lánàá. Kò mọ ẹni tó wọlé ìbò. Ẹnì kan ní láti wá sọ fún un. Oracle ni àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pe ẹni yẹn. Èmi á máa pè é ní ẹlẹ́rìí. Ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí yìí ni mo gbé wá lónìí, torí ibẹ̀ ni owó ti ń ṣòfò. Ìwé tí kò ṣeé pa rẹ́, bí irọ́ bá wọnú rẹ̀, irọ́ náà di ohun tí kò ṣeé pa rẹ́.

Ẹ má sọ pé ọ̀rọ̀ òkèèrè ni. Ní oṣù kejì ọdún 2021, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà pàṣẹ pé kí àwọn báńkì ti àkáǹtì àwọn tó ń ná owó orí ẹ̀rọ yìí. Ní oṣù kejìlá ọdún 2023, wọ́n ká àṣẹ náà kúrò. Ní oṣù kẹta ọdún 2025, òfin tuntun ka owó orí ẹ̀rọ mọ́ dúkìá tí SEC, àjọ tó ń ṣọ́ ọjà ìdókòwò, ní láti máa bójú tó. Láàárín gbogbo ìyẹn, àwọn ọmọ wa kò dúró. Wọ́n ń tọ́jú owó sínú dọ́là orí ẹ̀rọ kí náírà má baà jẹ ẹ́ run. Ọmọ tó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ yẹ kó mọ ẹni tó ń sọ iye owó fún ẹ̀rọ tó gbé owó rẹ̀ sí.

Ẹ rántí AbokiFX. Ojú òpó kan ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tó ń gbé iye dọ́là, pọ́n-ùn àti yúrò ní ọjà àwọn máláàmù l'Ékòó jáde lójoojúmọ́. Nígbà kan, ọ̀pọ̀ oníṣòwò kì í pe iye ọjà wọn kí wọ́n tó wo ibẹ̀. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, Godwin Emefiele tó jẹ́ gómìnà Báńkì Àpapọ̀ nígbà náà bọ́ síta, ó ní ohun tí ojú òpó náà ń ṣe kò bófin mu, pé ó ń ba náírà jẹ́. Lọ́jọ́ kan náà ni AbokiFX kéde pé òun dáwọ́ iye gbígbé jáde dúró. Èmi ò ní dá ẹjọ́ yẹn lónìí. Ohun tó ká mi lára ni pé ojú kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń ríran, nígbà tí ojú náà sì dì, òkùnkùn bò wọ́n. Ìbáà jẹ́ òótọ́ ló ń sọ, ìbáà jẹ́ irọ́, ibì kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ ti ń jáde, ibì kan ṣoṣo náà ló sì ṣeé pa lẹ́nu mọ́. Àwọn baba wa ní agbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá, ìkà tirẹ̀ tún yára ju ti èèyàn lọ, torí kì í ronú lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ètò orí blockchain kan tí wọ́n ń pè ní Synthetix ní ọjọ́ 25 oṣù kẹfà ọdún 2019. Lára iye tí àwọn ẹlẹ́rìí ń mú wá fún un ni ti won, owó ilẹ̀ Kòríà. Lọ́jọ́ yẹn, ẹnu kan pe iye won ní ìlọ́po 1,000 ohun tó jẹ́ gan-an, ẹnu tó kù kò sì pọ̀ tó láti bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ̀rọ gbà á gbọ́. Kọ̀ǹpútà ẹnì kan tó ti ń ṣọ́ irú àǹfààní bẹ́ẹ̀ wọlé, ó ra, ó tà, kí ilẹ̀ tó mọ́ ó ti di olówó tí kò ní òǹkà lórí ìwé. Ọpẹ́lọpẹ́ pé onítọ̀hún gbà láti dá a padà, wọ́n sì fún un ní owó ìmoore. Ká ní náírà ló wà nípò won ńkọ́? Owó tiwa náà kì í pẹ́ fò, ẹlẹ́rìí rẹ̀ sì kéré níye.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká pe ẹlẹ́rìí púpọ̀. Kí la máa fi ọ̀rọ̀ wọn ṣe? Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ bá mi ṣírò. Ká sọ pé a bi ẹni márùn-ún ní iye náírà tí sẹ́fà 1,000 ń lọ. Ẹni àkọ́kọ́ ní 2,500. Ẹnì kejì ní 2,520. Ẹnì kẹta ní 2,530. Ẹnì kẹrin ní 2,540. Ẹnì karùn-ún, tó ní ohun tó ń wá, pè é ní 9,000. Bí a bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ tí a pín in sí ọ̀nà márùn-ún, á fún wa ní 3,818. Iye tí ẹnikẹ́ni kò pè nìyẹn, tí ẹnikẹ́ni kò sì lè rà á bẹ́ẹ̀ nínú ọjà. Òpùrọ́ kan ti fa gbogbo wa lọ. Ṣùgbọ́n bí a bá tò wọ́n láti èyí tó kéré dé èyí tó pọ̀, tí a mú ẹni tó dúró sí àárín gangan, 2,530 la máa bá níbẹ̀. Òpùrọ́ lè pe 9,000, ó lè pe 900,000. Ẹni àárín kò ní mira.

Ọgbọ́n ẹni àárín yìí ti pẹ́. Ní ọdún 1907, ọ̀mọ̀wé ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Francis Galton, gbé ìwádìí kan jáde lórí ìdíje tó wáyé ní ìlú Plymouth. Wọ́n mú màlúù síta níbi àfihàn ẹran ọ̀sìn, wọ́n ní kí èèyàn sanwó kí ó sì kọ iye tó rò pé ẹran náà máa wọ̀n lẹ́yìn tí wọ́n bá pa á tí wọ́n kun ún tán. Alápatà kọ, àgbẹ̀ kọ, àwọn tí kò mọ ìdí màlúù yàtọ̀ sí orí rẹ̀ náà kọ. Ìwé 787 ló ṣeé kà. Galton tò wọ́n, ó mú èyí tó bọ́ sí àárín: 1,207 ní ìwọ̀n pọ́n-ùn. Nígbà tí wọ́n gbé ẹran sórí òṣùwọ̀n, 1,198 ló jẹ́. Mo ti ka ìtàn yìí lọ́pọ̀ ìgbà, ó ṣì ń yà mí lẹ́nu.

Ṣùgbọ́n ní Plymouth, ẹni tó bá fẹ́ kọ ìwé méjì ní láti sanwó méjì, ojú rẹ̀ sì wà níbẹ̀. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ojú kò sí. Nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa níbí, ẹnì kan ìbò kan ni, ó sì ń ṣiṣẹ́ torí a mọ ara wa, a mọ ilé bàbá ara wa. Ẹ mú òfin yẹn lọ sórí ẹ̀rọ, ẹ máa rí wàhálà: ọ̀gbẹ́ni tó pe 9,000 á lọ dá àkáǹtì 20 sílẹ̀ kí oúnjẹ tó jinná, gbogbo ogún ẹnu náà á sì pe 9,000. Ta ló wá wà láàárín nísinsìnyí? Òun náà ni.

Ìdí nìyí tí ìbò oníwọ̀n fi wáyé. Wọn ò ka orí mọ́. Wọ́n ń wọn ohun tí olúkúlùkù fi dógò. Kí ẹlẹ́rìí tó lanu, yóò gbé owó kalẹ̀, bí iye owó ìdógò rẹ̀ bá ṣe tó ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ á ṣe wúwo. Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ àwọn márùn-ún wa. Ẹni tó pe 2,500 fi 300,000 náírà dógò. Ẹni 2,520 fi 250,000 dógò, ẹni 2,530 náà fi 250,000. Ẹni 2,540 mú 150,000 wá. Ẹni 9,000 ní 50,000. Àpapọ̀ rẹ̀ mílíọ̀nù kan, ìdajì rẹ̀ 500,000. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀: 300,000, kò tíì dé ìdajì. Ẹ fi 250,000 ẹnì kejì kún un, ó di 550,000, ó ti kọjá ìdajì. Ibẹ̀ la dúró sí: 2,520 ni iye ọjọ́ náà. Ọ̀gbẹ́ni 9,000 lè pín 50,000 rẹ̀ sí ogún àkáǹtì, ó lè pín in sí ọgọ́rùn-ún. 50,000 náà ló máa jẹ́ lórí òṣùwọ̀n. Bó bá fẹ́ borí, ó ní láti gbé owó tó ju 950,000 lọ kalẹ̀, ìyẹn ni pé kí ó ju gbogbo àwọn yòókù lápapọ̀. Níbi tí ètò bá sì ń gba owó ìdógò lọ́wọ́ òpùrọ́, owó yẹn ló máa fi san irọ́ rẹ̀.

Ó ku ìṣòro kan tí ìyá mi mọ̀ dáadáa. Kì í bi ẹnì kejì létí ẹni àkọ́kọ́. Bó bá béèrè ní gbangba, ẹnì kejì á kan tún ohun tó gbọ́ sọ ni. Lórí ẹ̀rọ, ẹlẹ́rìí ọ̀lẹ lè jókòó, kí ó wo iye tí àwọn ẹlòmíràn mú wá, kí ó da á kọ. Nítorí náà wọ́n pín iṣẹ́ náà sí méjì. Lákọ̀ọ́kọ́, olúkúlùkù á di iye tirẹ̀ sínú àdìpọ̀, á fi èdìdì tì í, á sì fi sórí ìwé. Gbogbo ayé rí èdìdì, kò sí ẹni tó rí inú rẹ̀. Lẹ́yìn tí àkókò bá pé, gbogbo wọn á jọ tú u. Ẹni tó bá yí ọ̀rọ̀ padà, èdìdì rẹ̀ kò ní bá a mu, gbogbo ènìyàn á sì rí i. Vitalik Buterin, ọ̀kan nínú àwọn tó dá blockchain Ethereum sílẹ̀, kọ̀wé lórí irú ètò yìí ní ọdún 2014. Ohun tó gbára lé ni pé bí àwọn èèyàn kò bá lè bá ara wọn sọ̀rọ̀, tí olúkúlùkù sì fẹ́ bọ́ sí ibi tí àwọn yòókù máa bọ́ sí, òótọ́ ni ibi tó rọrùn jù láti pàdé. Bí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi bá sọ ara wa nù ní ọjà Ìjoun, tí fóònù wa kú, a ò ní pàdé ní ẹ̀yìn ilé ẹnì kan tí a kò mọ̀. Ibi tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ni kálukú máa gbà lọ.

Ètò Flare kó ọ̀pọ̀ nínú ọgbọ́n wọ̀nyí pọ̀: èdìdì, ẹni àárín tí a fi ìwọ̀n wá, àti owó ọ̀yà fún àwọn tí iye wọn bá sún mọ́ àárín. Ẹni tí kò lè ṣe ẹlẹ́rìí fúnra rẹ̀ lè gbé ìwọ̀n tirẹ̀ lé ẹni tó fọkàn tán lọ́wọ́. Wọ́n sì fi ààlà sí ìwọ̀n ẹnì kan ṣoṣo, kí olówó má baà sọ ara rẹ̀ di gbogbo ìlú. Chainlink, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí Ethereum ní oṣù karùn-ún ọdún 2019, gba ọ̀nà míràn. Ẹni àárín lòun náà ń mú, àmọ́ ìwọ̀n ti wọlé kí ọ̀rọ̀ tó dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹlẹ́rìí rẹ̀, torí pé àwọn tó ń kó iye ọjà jọ fún wọn máa ń jẹ́ kí ọjà tí wọ́n ti tà púpọ̀ wúwo ju ọjà kékeré lọ. Ìyẹn náà bọ́gbọ́n mu. Iye tí wọ́n ti fi ta ẹgbẹ̀rún àpò kì í ṣe ẹgbẹ́ iye tí wọ́n fi ta kóńgò kan.

Ethereum fúnra rẹ̀, láti ọjọ́ 15 oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, orí owó ìdógò ló dúró sí. Ether 32, ìyẹn owó Ethereum, lẹni tó bá fẹ́ fi kọ̀ǹpútà rẹ̀ ṣe alábòójútó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé kalẹ̀. Kí ojú ewé kan tó di èyí tí a kò ní yí padà mọ́, àwọn tó ní ìdá méjì nínú mẹ́ta owó ìdógò náà ní láti fọwọ́ sí i. Lamport, Shostak àti Pease ló fi hàn ní ọdún 1982 pé bí àwọn ọ̀dàlẹ̀ kò bá tó ìdá kan nínú mẹ́ta, àwọn olóòótọ́ ṣì lè fẹnu kò. Ẹ̀yin àgbà tó ń gbọ́ mi máa rántí ìdá méjì nínú mẹ́ta. Ní ọdún 1979, ìpínlẹ̀ 19 ló wà ní Nàìjíríà, òfin sì ní ẹni tó máa di Ààrẹ gbọ́dọ̀ ní ìdá kan nínú mẹ́rin ìbò ní ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ìpínlẹ̀ náà. Kí ni ìdá méjì nínú mẹ́ta 19? Olóyè Obafemi Awolowo, tó ń du ipò náà, ní 13 ni. Ẹgbẹ́ Shehu Shagari, alátakò rẹ̀, ní 12 pẹ̀lú ìdá méjì nínú mẹ́ta ìpínlẹ̀ kan ni. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ gbè fún Shagari ní ọjọ́ 26 oṣù kẹsàn-án ọdún náà. A ò lè gé ìpínlẹ̀ bí iṣu, ìdí nìyẹn tí àríyànjiyàn fi bẹ́. Owó ìdógò ṣeé gé, títí dé kọ́bọ̀ tó kéré jù. Ìyẹn jẹ́ àǹfààní kan tí ìwọ̀n ní lórí iye orí.

Mo ti yin ìbò oníwọ̀n púpọ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń bà mí lẹ́rù nínú rẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 2025, lórí Polymarket níbi tí àwọn èèyàn ti ń ta tẹ́tẹ́ lórí ìròyìn ayé, ìbéèrè kan wà nílẹ̀: ṣé Ukraine máa fara mọ́ àdéhùn ohun àlùmọ́ọ́nì pẹ̀lú Trump kí oṣù kẹrin tó wọlé? Owó tó wà lórí ìbéèrè náà tó mílíọ̀nù 7 dọ́là. Àdéhùn kò tíì sí. Síbẹ̀, ìbò oníwọ̀n àwọn ẹlẹ́rìí UMA, tí Polymarket ń lò, dájọ́ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ìròyìn fi yé wa pé olówó kan ló fi nǹkan bíi mílíọ̀nù 5 tókìnnì UMA dìbò láti inú àkáǹtì mẹ́ta, ó sì tó ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo ìbò ọjọ́ náà. Polymarket gbà pé ìdájọ́ yẹn kò bá ohun tí wọ́n là sílẹ̀ mu, ṣùgbọ́n wọn ò dá owó ẹnikẹ́ni padà. Ọjọ́ 30 oṣù kẹrin ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ sí àdéhùn gidi. Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké: èmi ò tíì rí ibi tí òwe yìí ti ṣẹ gbangba tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ìdá kan nínú mẹ́rin kò tó láti borí fúnra rẹ̀. Èrò tèmi ni pé ètò tó ń jẹ ẹni tó bá yàtọ̀ sí ọ̀pọ̀ níyà máa ń mú kí àwọn ẹlẹ́rìí tó ń bẹ̀rù wá ibi tí ọ̀pọ̀ máa wà dípò ibi tí òótọ́ wà, olówó ńlá kan sì ti tó láti fi ibẹ̀ hàn wọ́n. Nítorí náà, mi ò fara mọ́ ìwọ̀n tó jẹ́ owó nìkan. Ẹni tí ìyá mi ń gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́ jù nínú ọjà kọ́ ló lówó jù. Ẹni tó sọ òótọ́ fún un lọ́dún tó kọjá, àti lọ́dún tó ṣáájú ìyẹn, tó sì máa pàdánù oníbàárà bó bá purọ́, òun ni. Ìtàn ẹlẹ́rìí yẹ kó wà lórí òṣùwọ̀n pẹ̀lú owó rẹ̀. Ìwé tí kò ṣeé pa rẹ́ ló sì dára jù láti tọ́jú irú ìtàn bẹ́ẹ̀ sí.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí yìí yé wa níhìn-ín lẹ́bàá ibodè ju ibòmíràn lọ. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1889, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fẹnu kò lórí ìlà ibodè tó ya wá sọ́tọ̀ sí Kétu, láì bi ẹlẹ́rìí kankan lára àwọn tó ń ro oko lórí ilẹ̀ náà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, àṣẹ dé pé kí wọ́n má gbé epo bẹntiróòlù lọ sí ilé epo tó wà láàárín kìlómítà 20 sí ibodè. Òfin náà kúrú, ó sì ṣe kedere. Ìbéèrè tó wà lẹ́nu gbogbo ènìyàn ni pé: níbo ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọn kìlómítà náà, ta ló sì wọ̀n ọ́n?

Ohun tí mo ń ronú sí jù ni òjò. Ní Kenya, àjọ ACRE Africa àti Etherisc ti lo àdéhùn orí blockchain fún ìdójútòfò oko: bí ìròyìn ojú ọjọ́ bá fi hàn pé òjò kùnà, owó á wọlé sórí M-Pesa àgbẹ̀, kò ní kọ lẹ́tà, kò ní dúró de ẹnikẹ́ni. Bí irú rẹ̀ bá dé ọ̀dọ̀ wa, mo fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ òjò tiwa. Ó lè rọ̀ ní Ẹ̀gùá kí àgbàdo Ìjoun máa gbẹ lọ. Bí sátẹ́láìtì nìkan bá jẹ́ ẹlẹ́rìí, ó lè sọ pé òjò rọ̀ sórí ẹni tí òjò kò kàn. Mo fẹ́ kí sátẹ́láìtì wà níbẹ̀, kí agolo ìwọn-òjò ilé ẹ̀kọ́ wa wà níbẹ̀, kí àwọn àgbẹ̀ mẹ́wàá láti abúlé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ di ọ̀rọ̀ tiwọn ní èdìdì, kí ìwọ̀n olúkúlùkù sì máa lọ sókè tàbí kó máa wálẹ̀ bí òótọ́ rẹ̀ ṣe ń hàn láti ọdún dé ọdún.

Lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀, mo bẹ̀ yín, kí ẹ bi ẹni márùn-ún ní iye sẹ́fà 1,000, kí ẹ má jẹ́ kí ẹnì kan gbọ́ ti ẹnì kejì. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé. Ẹ kọ bí ẹ ṣe fọkàn tán olúkúlùkù tó sí ẹ̀gbẹ́ iye rẹ̀, láti 1 dé 10. Ẹ tò wọ́n, kí ẹ wá ẹni àárín lọ́nà méjèèjì: láì wo ìwọ̀n, lẹ́yìn náà pẹ̀lú ìwọ̀n. Ẹ mú ìwé náà dání lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ní irú àkókò yìí. Mo máa ṣí fóònù sílẹ̀, àwọn tí ìṣirò wọn fún wọn ní iye méjì tó yàtọ̀ síra ni mo máa kọ́kọ́ gba ìpè wọn.